Ọlọ́lá Gbéminíyì àti Òfin Orúnkún

Nígbà tí àwọn òbí Gbéminíyì Akínọlá sọ ọ́ lórúkọ, àdúrà ni wọ́n ń gbà. Ọlọ́run ni wọ́n ń bẹ̀ pé kó gbé ọmọ àwọn níyì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ dàgbà, tó ń fẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ náà fún ènìyàn, kò dún bí àdúrà mọ́. Bí àṣẹ ló ń dún. Bó bá na ọwọ́ sí àlejò tó ní, "Gbéminíyì," onítọ̀hún á kọ́kọ́ dúró sàn-án, á máa rò ó bóyá kí òun dọ̀bálẹ̀ ni.

Ọkùnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ẹ jẹ́ kí n tètè wí bẹ́ẹ̀, kí ẹ má baà kórìíra rẹ̀ kí n tó fún yín ní ìdí. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Dallas, níbi tó ti ń bójú tó ẹ̀rọ tí àwọn aláìsàn fi ń mí. Ó ní ilé ní Little Elm, létí adágún. Ó ní ìyàwó, Rosemary, tí í ṣe nọ́ọ̀sì. Ó ní ọmọ kan ṣoṣo, Ọ̀rẹ́olúwa, tó ń kàwé ní yunifásítì ní Arlington. Ohun kan ṣoṣo ló wọ́n ọn: ní gbogbo ọdún mọ́kàndínlógún yẹn, kò sẹ́ni tó dìde fún un nígbà tó wọlé. Àwọn tó ń tọ́jú kò lè dìde.

Nígbà tó di ọdún kejìlélógún tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, òun àti Rosemary lọ sinmi ní Sánta Mirela, erékùṣù kékeré kan tó wà láàárín òkun Karibíánì. Àwọn ará ibẹ̀ kò ní epo rọ̀bì, wọn ò ní wúrà. Iyanrìn funfun ni wọ́n ní, àti òkun, àti oòrùn. Àwọn àlejò tó ń wá na ara wọn lé iyanrìn yìí ni gbogbo ìlú fi ń jẹun: awakọ̀, alásè, olórin, ẹni tó ń yá àwọn ènìyàn ní àga létíkun. Bí bàálù kò bá balẹ̀, ìkòkò kì í hó. Ìjì ńlá kan sì ti ba pápákọ̀ òfuurufú wọn jẹ́ nígbà kan. Wọ́n ti tún un ṣe, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú ti gbàgbé ọ̀nà ibẹ̀.

Nígbà tí Gbéminíyì padà sí Little Elm, ó kọ lẹ́tà olójú-ewé mẹ́sàn-án sí ìjọba wọn lórí bí òun ṣe lè kó àwọn ará Texas wá fún wọn. Wọ́n fèsì pé àwọn dúpẹ́, àwọn sì fi í ṣe aṣojú oyè fún ìrìn-àjò ìgbafẹ́ ní Texas. Ìlà tó kẹ́yìn lẹ́tà náà sọ pé iṣẹ́ ìfẹ́ ni, kò ní agbára òfin kankan nínú. Gbéminíyì ra férémù oníwúrà fún lẹ́tà yìí lọ́jọ́ kan náà. Etí férémù náà fẹ̀ díẹ̀, ó sì bo ìlà náà mọ́lẹ̀.

Báyìí ni ọ̀gá wa ṣe di Ọlọ́lá Jùlọ, Aṣojú Àgbà Pátápátá fún Ìgbafẹ́, Etíkun àti Gbogbo Ọ̀rọ̀ Òfuurufú. Ọ́fíìsì rẹ̀ ni yàrá tó wà lókè gáréèjì, níbi tí wọ́n ń kó igi Kérésìmesì sí tẹ́lẹ̀. Ó gbé àsíá Sánta Mirela kọ́ sójú fèrèsé. Àsíá náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ fi ń tètè ṣú ní ilé kejì. Ó fi Ọ̀rẹ́olúwa ṣe akọ̀wé, ó wá wá igbákejì.

Igbákejì yìí ni Reuben. Ọ̀gbẹ́ni Reuben ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún ilé iṣẹ́ kan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Ẹlẹ́dàá dá a fún gan-an ni kó máa yin ènìyàn. Bí Gbéminíyì bá sín, Reuben á fò dìde, á gbé ọwọ́ lé àyà.

"Ẹ má bínú, Ọlọ́lá Jùlọ," á ní, "mo rò pé orin orílẹ̀-èdè ni."

Òfin kan wà ní ọ́fíìsì náà: bí Ọlọ́lá bá wọlé, kí gbogbo ènìyàn dìde. Ìbáà jẹ́ ilé ìgbẹ́ ló ti ń bọ̀. Ọlọ́lá sì fẹ́ràn tíì púpọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, Ọ̀rẹ́olúwa dìde lẹ́ẹ̀mọ́kànlá.

"Daddy, please," ó ní, "I just sat down."

"Ìdí nìyẹn tí ìdìde náà fi níyì," ni baba rẹ̀ dá a lóhùn.

Rosemary nìkan ni kò gbà. Ó ti ibi iṣẹ́ òru dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣe ètò yìí. Reuben kígbe pé, "Ẹ dìde!"

Rosemary bọ́ bàtà. "Dadi Ọ̀rẹ́, mo ti dúró fún wákàtí méjìlá gbáko," ó ní. "Ẹni tó bá fẹ́ dìde kó dìde. Èmi ń lọ sùn."

Ọ̀rọ̀ ì bá mọ síbẹ̀, kó jẹ́ pé ẹ̀rín lásán la ó máa fi ọkùnrin yìí rín. Ṣùgbọ́n Mínísítà Stella tẹ̀ wọ́n láago. Òun ni mínísítà ìgbafẹ́ ní Sánta Mirela, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ní ilé iṣẹ́ bàálù kan ti gbà láti máa fò tààrà láti Dallas wá sọ́dọ̀ àwọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ yìí, ìdánwò ni. Bí bàálù náà bá kún, tó sì gbéra lákòókò, òmíràn á tẹ̀ lé e. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó parí nìyẹn. Àádọ́jọ ìjókòó ló wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì ti gba mẹ́tàdínláàádọ́jọ nínú rẹ̀.

"Ẹ ṣáà bá wa kí wọn, kí inú wọn dùn," ni Mínísítà wí.

Ohun tí Gbéminíyì gbọ́ ni pé, "Ẹ gba àkóso."

Ó ní kí wọ́n kó àwòrán àwọn àlejò etíkun wá kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wò ó títí, ojú rẹ̀ le. Gbogbo wọn ló wọ ṣòkòtò péńpé.

"Ọ̀rẹ́olúwa, kọ ọ́ sílẹ̀!" ó ní, ó sì di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Níwọ̀n bí ó ti di mímọ̀ fún Ọ́fíìsì Wa pé orúnkún jẹ́ oríkèé abẹ́lé, tí kì í ṣe oríkèé ìta gbangba; àti níwọ̀n bí kò ti sí ìlú ọmọlúàbí tí ènìyàn ń fi orúnkún wọ̀; a pàṣẹ pé arìnrìn-àjò kankan kò gbọdọ̀ bá bàálù àkọ́kọ́ lọ pẹ̀lú orúnkún."

"Pẹ̀lú orúnkún tó hàn," ni Reuben rọra tún un ṣe.

"Kí ni mo sọ?"

"Ohun tí ẹ sọ náà ni, Ọlọ́lá. Mo kàn ń gbádùn rẹ̀ ni."

Ọ̀rẹ́olúwa gbé bírò sílẹ̀. "Daddy, it's a beach."

"Etíkun ìjọba ni," ni baba fèsì.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí gbogbo arìnrìn-àjò, pẹ̀lú òǹtẹ̀ tó tóbi bí ọmọrí ìkòkò, pé kí kálukú wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kó tó rìnrìn-àjò. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ mọ̀ pé kò ní agbára yẹn. Èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni í bá òǹtẹ̀ jiyàn?

Ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé ni ìyá àgbà òyìnbó kan láti McKinney, Bridget lórúkọ rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ó dé fìlà koríko, ó sì wọ ṣòkòtò péńpé aláwọ̀ ọsàn. Gbéminíyì gbé ojú sókè, ó ń wo àjà kí ojú rẹ̀ má baà já sílẹ̀ sórí ohun tó wà nísàlẹ̀.

"Ìyáàfin Bridget, kí lẹ ní lọ́kàn láti fi iyanrìn Sánta Mirela ṣe?"

"Mo fẹ́ jókòó lé e ni."

"Ẹ fẹ́ jókòó lé orílẹ̀-èdè olómìnira lórí?"

"Màá tẹ́ tówẹ̀lì sílẹ̀ kí n tó jókòó o."

Reuben kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá pé obìnrin náà ń gbèrò láti tẹ́ aṣọ bo ìlú mọ́lẹ̀.

"Orúnkún yín ńkọ́?" ni Ọlọ́lá bèèrè, ojú rẹ̀ ṣì wà lókè àjà.

"Méjì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀kan kì í ṣe tèmi. Àwọn dókítà ló bá mi fi onírin síbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí le. Òfin kò sọ nǹkan kan nípa orúnkún onírin. Ọlọ́lá àti igbákejì rẹ̀ jáde lọ sẹ́yìn ilé láti gbìmọ̀, wọ́n sì lo ogójì ìṣẹ́jú níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà, ìdájọ́ ni pé orúnkún onírin lè lọ, ṣùgbọ́n kí èkejì dúró ní McKinney títí ìgbẹjọ́ rẹ̀ á fi parí.

Ìyá Bridget rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó débi ọkọ̀ rẹ̀, ó dákẹ́ ẹ̀rín, nítorí ó bá àwọn tọkọtaya kan pàdé níbẹ̀ tí wọ́n ń ya lẹ́tà tiwọn sí wẹ́wẹ́. Wọ́n ní àwọn á kúkú lọ síbòmíràn. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ènìyàn mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ló ti yọ orúkọ kúrò.

"Èyí tó dára jù ló kù," ni Reuben sọ.

Ṣùgbọ́n ìyá tó ti fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ní ìwé kíkọ kì í gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà. Ó kọ̀wé sí Mínísítà. Mínísítà kọ̀wé sí gbogbo àwọn tó bínú, ó tọrọ àforíjì, ó ní kí wọ́n gbé gbogbo oríkèé wọn wá. Lẹ́yìn náà ló wá pe Gbéminíyì.

"Ọ̀gbẹ́ni Akínọlá, ìgbà tí ẹ wá sọ́dọ̀ wa, ṣé ẹ wọ inú òkun?"

"Mo dúró létí rẹ̀, Mínísítà, mo sì kí i."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Alásè kan ń bẹ ní hòtẹ́ẹ̀lì tó kọjú sí ilé mi, Miriam ni wọ́n ń pè é. Àtìgbà tí ìjì ti jà, tábìlì méjì péré ló ń gbé oúnjẹ sí. Ó ti fọ gbogbo àwo tó kù sílẹ̀ de ọjọ́ yìí. Kò bèèrè orúnkún ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀ yín, lọ́jọ́ náà ẹ kàn kí àwọn ènìyàn pé ó dàbọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí bàálù gbéra lákòókò."

Nígbà tí fóònù dákẹ́, nǹkan kan rìn lọ́kàn Gbéminíyì. Ó rántí hòtẹ́ẹ̀lì yẹn. Ó rántí obìnrin kan tó gbé ẹja wá fún òun àti Rosemary, tó dúró títí wọ́n fi tọ́ ọ wò, tó ń wo ojú wọn bóyá ó dùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó kó ronú.

"Ìṣẹ́jú márùn-ún!" ni Reuben wí. "Ṣùgbọ́n kò sọ pé ìṣẹ́jú ta ni, Ọlọ́lá. Ìṣẹ́jú ẹni ńlá kì í ṣe ìṣẹ́jú mẹ̀kúnnù."

Èrò náà sì fò lọ.

Ọjọ́ pé. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Ọlọ́lá Gbéminíyì dé pápákọ̀ òfuurufú Dallas. Ó wọ kóòtù funfun, ó gbé ọ̀já aláràbarà kọ́ èjìká, ó fi àmì-ẹ̀yẹ onírin mẹ́sàn-án sáyà. Ẹ má bèèrè ẹni tó fi wọ́n dá a lọ́lá. Òun àti ara rẹ̀ ló mọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Rosemary ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú báàgì kékeré kan. Ó ti gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan níbi iṣẹ́, ó sì ti pinnu pé kò sí ohun tó máa ba á jẹ́. Reuben ló gbé kápẹ́ẹ̀tì pupa lé orí.

Àwọn arìnrìn-àjò ti wà lórí ìlà níbi àyẹ̀wò, gbogbo wọn ti padà wá, gbogbo wọn ló sì wọ ṣòkòtò péńpé. Ìyá Bridget ló ṣáájú wọn. Gbéminíyì di ojú.

Ó gba inú ẹ̀rọ àyẹ̀wò kọjá, ẹ̀rọ ké. Ó bọ́ àmì-ẹ̀yẹ kan, ó tún kọjá, ẹ̀rọ ké. Wọ́n ní kó bọ́ gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ẹni ńlá kì í já ewé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni ẹ̀rọ ké. Níkẹyìn, òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ní kó bọ́ bẹ́líìtì.

"Ṣé ẹ mọ ẹni tí mo jẹ́?"

"Rárá, sà. Bẹ́líìtì."

Ó bọ́ ọ. Wọ́n ní kó wọ inú ẹ̀rọ kejì, kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ẹ rántí pé ṣòkòtò ẹni ńlá kì í fún mọ́ni. Gbéminíyì gbé ọwọ́ sókè, ṣòkòtò sì sọ̀ kalẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí àsíá tí wọ́n ń sọ̀ nírọ̀lẹ́, ó di kókósẹ̀.

Ìyá Bridget yọjú, ó wò ó dáadáa pẹ̀lú ojú olùkọ́.

"Orúnkún yìí mà dára o," ó ní. "Kí ló dé tí ẹ ń fi pamọ́ fún ayé?"

Ẹ̀rín bú. Rosemary yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Reuben nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń pàtẹ́wọ́.

Ẹlòmíràn ì bá sá padà sílé. Ṣùgbọ́n ìtìjú kì í pa ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, Gbéminíyì sì ní ojú-ewé méjìlélógún. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé bí òun bá ti sọ ọ̀rọ̀ yìí tán, àwọn ènìyàn á gbàgbé ṣòkòtò. Ní ẹnu ọ̀nà bàálù, ó ní kí Reuben tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ìbùkún, ọmọbìnrin tó ń bójú tó ẹnu ọ̀nà yẹn, wá bá a. Dallas ni wọ́n bí i, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé."

"Ọmọ mi," ni Ọlọ́lá wí, "bàálù kì í fò nígbà tí ẹnu aṣojú bá ṣì là."

Ó wá bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ ènìyàn! Kí ni òfuurufú? Òfuurufú ni ilẹ̀ tí kò ní ilẹ̀. Kí ni bàálù? Bàálù ni ẹyẹ tó gba ìwé àṣẹ. Kí wá ni aṣojú? Ha!"

Ìwà kan wà tí Gbéminíyì máa ń hù: bí ọ̀rọ̀ bá ń dùn mọ́ ọn, ojú rẹ̀ á dì. Ó di ojú ní ojú-ewé kejì. Láti ibẹ̀, orí ló fi ń kà á, nítorí ó ti kọ́ ọ sórí níwájú dígí fún oṣù kan.

Ìṣẹ́jú márùn-ún pé. Ìbùkún ṣílẹ̀kùn. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gba orí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Rosemary dúró, ó fọwọ́ kan án.

"Dadi Ọ̀rẹ́, wọ́n ti ń wọlé o."

Ó ju ọwọ́ sí i láìlajú. "Ojú-ewé kẹsàn-án ni mo wà!"

Rosemary tún dúró díẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì wọlé.

Reuben ń ṣe "Ẹ́ẹ̀n! Ẹ wí i!" ní gbogbo ìpínrọ̀. Ó wo aago. Ó fẹ́ràn Ọlọ́lá, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tíì wọ inú òkun rí láyé rẹ̀. Ó mú fóònù rẹ̀ àtijọ́ jáde, èyí tó gba ìpàtẹ́wọ́ sínú rẹ̀ fún irú ọjọ́ báyìí, ó gbé e lé orí àga, ó tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ. Ó yọ́ wọlé bí ológbò.

Ìbùkún pe orúkọ Akínọlá lẹ́ẹ̀mẹta. Ní gbogbo ìgbà tó bá pè é, Ọlọ́lá á tẹ orí ba, bí ẹni tí wọ́n ń kí. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin náà ti ilẹ̀kùn.

"…nítorí náà," ni Gbéminíyì wí ní ìparí ojú-ewé kejìlélógún, omijé ìdùnnú ń ṣàn lójú rẹ̀, "ẹ jẹ́ ká dìde, ká jọ lọ!"

Ìpàtẹ́wọ́ ńlá sọ. Ó lajú. Gbogbo àga ló ṣófo. Fóònù kan ń pàtẹ́wọ́ fún un lórí ọ̀kan nínú wọn. Lẹ́yìn gíláàsì, bàálù funfun kan ti yí imú padà, ó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Pe pilọ́ọ̀tù yẹn! Ní kó padà!"

"Ẹ má bínú, sà," ni Ìbùkún wí, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀. "Bàálù kì í ṣe ọkọ̀ tí a ń nawọ́ dá dúró. Ó kún o, sà, ó sì lọ lákòókò. Ìjókòó tiyín nìkan ló ṣófo."

Ọ̀rẹ́olúwa ló wá fi ọkọ̀ gbé e. Ó bá a ká kápẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn ọkọ̀. Nírọ̀lẹ́, ó gbé fóònù wá bá baba rẹ̀ níbi tó jókòó sí nínú ilé ìdáná.

"Daddy, ẹ wo Mommy," ó ní, èyí tí í ṣe Yorùbá tó gùn jù tó ti sọ lọ́dún náà.

Nínú fídíò náà, gbogbo ìlú Sánta Mirela ló jáde wá pàdé bàálù. Olórin ń kọrin. Mínísítà Stella ń wá aṣojú kiri. Wọ́n ní kò sí. Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ wá sọ̀rọ̀. Wọ́n ti Rosemary síwájú, ó di fìlà rẹ̀ mú kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ.

"Ẹ ṣeun tí ẹ dúró dè wá," ni Rosemary wí. "Ebi ń pa wá. Níbo lòkun wà?"

Ariwo ayọ̀ sọ! Obìnrin kan tó wọ aṣọ alásè funfun fò mọ́ ọn lọ́rùn. Mínísítà gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní láti òní lọ, Ìyáàfin Rosemary Akínọlá ni aṣojú wọn ní Texas, àti pé bàálù kejì ti dájú. Ní ìparí fídíò náà, Reuben ti wà nínú òkun, omi ti dé e láyà, ó ń kígbe pé, "Ọlọ́lá Jùlọ Rosemary!"

Gbéminíyì wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà kẹrin, ó rí obìnrin alásè yẹn dáadáa: òun náà ló gbé ẹja wá fún wọn nígbà yẹn. Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ọ̀rẹ́olúwa bu ìrẹsì fún un, ó jẹ ẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́jọ tó jẹun láìkọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ wakọ̀ lọ pàdé ìyàwó rẹ̀. Kò wọ kóòtù. Rosemary jáde, ara rẹ̀ ti dúdú dáadáa nínú oòrùn, iyanrìn wà nínú irun rẹ̀. Gbéminíyì gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún un. Wọ́n ti wà lórí fríwéè nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Mo ṣe ìkà sí wọn, Rosemary."

"Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é," ni Rosemary wí. "Miriam ní kí n kí yín. Ó rántí yín. Ó ní ẹja tí ẹ jẹ nígbà yẹn, egungun rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù." Ó fẹ̀yìn ti àga. "Mo ti gba ìjókòó fún yín nínú bàálù oṣù Kejìlá. Àlejò lásán ni ẹ ó bá lọ o. Ẹ ó wọ inú omi."

Gbéminíyì mi orí pé òun gbà.

"Bí mo bá débẹ̀," ó bèèrè pẹ̀lú ohùn kékeré, "ṣé wọ́n á kí mi káàbọ̀?"

"Wọ́n á kí yín. Gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń kí."

Adágún Little Elm ti ń yọ níwájú.

"Gbogbo ènìyàn?" ni Gbéminíyì wí, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.